Old Tom Morris

Thomas Mitchell Morris (ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ọdún 1821 – ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1908), tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Old Tom Morris, jẹ́ agbágọ́ọ̀fù, olùtọ́jú pápá, oníṣẹ́-ọwọ́ tí ń ṣe igi àti bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù, àti olùpilẹ̀ṣẹ̀ pápá gọ́ọ̀fù, ọmọ orílẹ̀-èdè Skọ́tlándì. Ìlú St Andrews, ní etíkun ìlà-oòrùn Skọ́tlándì, ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Ó jáwé olúborí nínú ìdíje Open ní ẹ̀ẹ̀mẹrin: ní ọdún 1861, 1862, 1864 àti 1867. Orúkọ náà Old, tó túmọ̀ sí àgbà, ni wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀ sí ọmọ rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Tom Morris, tí ó sì mọ gọ́ọ̀fù gbá ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́gun rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tí ó ṣe lórí ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Òun ni ó sọ ilẹ̀ oníyanrìn etíkun, tí àgùntàn ń jẹ̀ tí ehoro sì ń gbẹ́, di ohun tí ènìyàn ń tọ́jú lójoojúmọ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú oko.

Ilẹ̀ etíkun St Andrews

Kí a tó lè mọ irú ẹni tí Morris jẹ́, ó yẹ kí a mọ irú ilẹ̀ tí ó dàgbà sí. Links ni àwọn ará Skọ́tlándì ń pe ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín òkun àti ilẹ̀ oko. Òkun ló kó yanrìn náà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbá a jọ di òkè kéékèèké àti kòtò. Koríko tí ń hù níbẹ̀ tín-ín-rín, ó kúrú, ó sì le. Igi kì í sábà hù níbẹ̀, omi òjò kì í sì í dúró nítorí pé yanrìn ń fà á mu. Àgbẹ̀ kò rí nǹkan gidi gbìn sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó di ilẹ̀ gbogbo ará ìlú. Ní St Andrews, àgùntàn ń jẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn obìnrin ń sá aṣọ tí wọ́n fọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odò kékeré tí ń jẹ́ Swilcan, àwọn ènìyàn sì ti ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí Morris. Ibi tí àgùntàn ti ń dọ̀bálẹ̀ sá fún afẹ́fẹ́ ni koríko ti ṣí, tí yanrìn sì là sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòtò yanrìn tí ń da àwọn agbágọ́ọ̀fù láàmú títí di òní ṣe bẹ̀rẹ̀.

Láti ọdún 1764 ni pápá St Andrews, tí à ń pè ní Old Course, ti ní ihò 18, iye yìí ni gbogbo ayé sì wá gbà lẹ́yìn náà. Ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ yóò kọ ẹ̀yìn sí ìlú, yóò máa lọ títí dé itòsí ẹnu odò Eden, lẹ́yìn náà ni yóò yí padà wá sílé. Afẹ́fẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn nígbà tó ń lọ lè dojú kọ ọ́ nígbà tó ń bọ̀, ó sì lè yí padà kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà, tí yóò tún máa fẹ́ sí i lójú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọlọ́gbọ́n kì í gbá bọ́ọ̀lù sókè kí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Ńṣe ni yóò gbá a nílẹ̀nílẹ̀, tí yóò jẹ́ kí ó balẹ̀ ṣáájú ibi tí ó ń lọ, kí ó sì yí dé ibẹ̀. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù tí a gbá dáadáa yóò kọsẹ̀ lára gegele kan, yóò sì yà sínú kòtò. Ẹni tí kò bá lè gba èyí mọ́ra kò lè gbádùn gọ́ọ̀fù etíkun, bí òkun àti òfurufú ibẹ̀ ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́

John Morris, bàbá rẹ̀, jẹ́ ahunṣọ. Jean Bruce ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́, wọ́n fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Allan Robertson, tí a kà sí agbágọ́ọ̀fù tó dára jù lọ ní àkókò náà, tí ó sì ń ṣe bọ́ọ̀lù tà. Bọ́ọ̀lù ìyẹ́ ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Wọn yóò se ìyẹ́ ẹyẹ tó kún fìlà kan, wọn yóò kì í sínú awọ tí a rán, wọn yóò sì rán ẹnu rẹ̀ pa. Bí ó bá ń gbẹ, ìyẹ́ yóò máa wú, awọ yóò máa sún kì, bọ́ọ̀lù náà yóò sì le bí òkúta. Iṣẹ́ agbára ni. Ènìyàn kan kì í sábà ṣe ju mẹ́rin lọ lójúmọ́, nítorí náà owó rẹ̀ ga, òjò sì tètè máa ń bà á jẹ́.

Morris àti ọ̀gá rẹ̀ jọ máa ń gbá gọ́ọ̀fù gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì ara wọn. Ní ọdún 1849 wọ́n dojú kọ àwọn ìbejì kan láti ìlú Musselburgh, Willie àti Jamie Dunn, fún £400, owó tí ó tó ra ilé nígbà náà. Ìdíje náà parí sí North Berwick. Ihò mẹ́rin ni àwọn Dunn fi ṣíwájú nígbà tí ó ku ihò mẹ́jọ péré, síbẹ̀ Robertson àti Morris ni wọ́n gba owó náà lọ.

Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì ni bọ́ọ̀lù tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1848, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi gutta-percha ṣe bọ́ọ̀lù, ìyẹn oje igi kan tí wọ́n ń kó wá láti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà. Omi gbígbóná ni wọ́n ń fi rọ̀ ọ́, wọn a sì fi ọwọ́ yí i róbótó. Kò wọ́n, òjò kò rí i gbé ṣe, bí ó bá sì fọ́ wọ́n lè tún un ṣe. Robertson rí i pé oúnjẹ òun ni wọ́n fẹ́ gbà lẹ́nu òun, ó sì kọ bọ́ọ̀lù náà pátápátá fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bọ́ọ̀lù Morris tán lórí pápá, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá sì yá a ní ọ̀kan nínú ti tuntun. Robertson pàdé wọn lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ sì di ìjà. Bí Morris ṣe kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí Robertson fúnra rẹ̀ fi gbà, tí òun náà ń ṣe bọ́ọ̀lù gutta-percha. Morris kò kórìíra rẹ̀, wọ́n sì tún jọ gbá gọ́ọ̀fù lẹ́yìn náà.

Prestwick àti ìdíje Open

Ní ọdún 1844 Morris fẹ́ Agnes Bayne. Àkọ́bí wọn, tí wọ́n sọ ní Tom, kú ní ọdún 1850 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1851 wọ́n bí ọmọkùnrin mìíràn, wọ́n sì tún sọ ọ́ ní Tom. Ọdún yẹn náà ni James Ogilvie Fairlie, ológun àti ọlọ́lá kan, pe Morris lọ sí Prestwick ní etíkun ìwọ̀-oòrùn, kí ó wá pilẹ̀ pápá kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún un kéré, ó sì kún fún òkè yanrìn. Ihò 12 ló rí fà yọ níbẹ̀, ọ̀nà àwọn mìíràn sì ń kọjá lórí ara wọn.

Prestwick ni ìtàn gbígbajúmọ̀ kan nípa rẹ̀ ti wá. Wọ́n ní bárò tó kún fún yanrìn dojú dé lójijì lórí gíríìnì kan, ìyẹn koríko tí a gé wálẹ̀ yí ihò ká. Nígbà tó yá, Morris ṣàkíyèsí pé ibẹ̀ ni koríko ti hù dáadáa jù lọ. Ìbáà jẹ́ bárò tó dojú dé ló kọ́ ọ tàbí ojú tí ó ti ń wo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìgbà náà ni bíbu yanrìn sórí koríko ti di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Títí di òní, gbogbo olùtọ́jú pápá gọ́ọ̀fù ló ń ṣe é.

Allan Robertson kú ní ọdún 1859. Ikú rẹ̀ mú kí àwọn ènìyàn máa béèrè ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá àwọn agbágọ́ọ̀fù lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ Prestwick sì gbé ìdíje kan kalẹ̀ láti dáhùn ìbéèrè náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1860, agbágọ́ọ̀fù mẹ́jọ péré ló dúró. Wọ́n yí pápá ihò 12 náà ká lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bẹ́líìtì awọ pupa tí a fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé Morris, tó mọ gbogbo gegele ilẹ̀ náà, ni yóò gbà á, ṣùgbọ́n Willie Park láti Musselburgh fi lílù 174 borí rẹ̀. 176 ni ti Morris. Ìdíje yìí ni a wá mọ̀ sí Open, èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù ńláńlá tó wà lóde òní.

Morris gbẹ̀san ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1862 ó fi lílù 13 ṣíwájú ẹni tó ṣe ipò kejì. Kò sí ẹni tó fi iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣíwájú nínú ìdíje ńlá kankan títí di ọdún 2000, nígbà tí Tiger Woods fi 15 ṣíwájú ní Pebble Beach, pápá etíkun mìíràn ní California. Ọmọ ọdún 46 ni Morris nígbà tí ó borí kẹ́yìn ní ọdún 1867. Kò tíì sí ẹni tó dàgbà jù ú lọ tó gba Open.

Olùtọ́jú pápá ní St Andrews

Ẹgbẹ́ Royal and Ancient ti St Andrews ti rí i pé ilẹ̀ wọn ń bàjẹ́. Bọ́ọ̀lù tuntun tí kò wọ́n ti mú kí àwọn agbágọ́ọ̀fù pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1864 wọ́n pinnu láti pe Morris padà sílé. £50 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, wọ́n sì fi £20 kún un fún ìnáwó orí pápá. Bárò kan, ṣọ́bìrì kan àti ohun ìgbẹ́lẹ̀ kan ni wọ́n kó lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kí ó máa ràn án lọ́wọ́, fún ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀. Pápá tí ayé ń wárí fún lónìí, ohun èlò mẹ́ta yìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ títún un ṣe.

Àṣà àtijọ́ ni pé ẹni tó bá parí ihò kan yóò gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ nítòsí ihò náà gan-an láti bẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, yóò sì bu yanrìn láti inú ihò náà láti fi ṣe òkìtì kékeré tí yóò gbé bọ́ọ̀lù lé. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń hó tí ihò sì ń jìn sí i. Morris ya ibi ìbẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò ní gíríìnì. Ó gé igbó ẹlẹ́gùn-ún tó há ọ̀nà mọ́ bọ́ọ̀lù, tí ààyè fi gba ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀. Ó ṣe gíríìnì tuntun fún ihò kìíní lẹ́yìn odò Swilcan, ó sì ṣe ti ihò kejìdínlógún. Yanrìn ni oògùn rẹ̀ fún ohun gbogbo, nítorí náà ó ń bù ú lé koríko láìdáwọ́ dúró. Ó tún dúró gbọn-in lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú, pé bí àwọn ènìyàn kò bá tilẹ̀ fẹ́ sinmi, ilẹ̀ nílò ìsinmi. Old Course kì í ṣí fún gọ́ọ̀fù ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ Àìkú títí di òní.

Ipò rẹ̀ láàárín ìlú kò rọrùn láti ṣàlàyé. Ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ ni, ọmọ ahunṣọ ni, àwọn ọlọ́lá tó ń sanwó fún un kò sì ka agbágọ́ọ̀fù tó ń fi eré ṣiṣẹ́ jẹun sí ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀ àwọn kan náà ń wá a kí ó bá wọn gbá, wọ́n ń gbàmọ̀ràn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọmọ wọn sí i lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ gíríìnì kejìdínlógún. Ọ̀kan lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ni Charles Blair Macdonald, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó wá kàwé ní St Andrews ní ọdún 1872, tí ó sì wá di ọ̀kan lára àwọn tó gbé gọ́ọ̀fù kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òmíràn ni Donald Ross, tó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kí ó tó lọ pilẹ̀ Pinehurst No. 2 ní North Carolina.

Bàbá àti ọmọ

Ní ọdún 1868, ọdún kan lẹ́yìn ìṣẹ́gun ìkẹyìn bàbá, Young Tom gba Open ní ọmọ ọdún 17. Ó tún gbà á ní 1869 àti 1870. Nítorí ìṣẹ́gun mẹ́ta léra, bẹ́líìtì náà di tirẹ̀ títí láé, kò sì sí ìdíje ní 1871 nítorí pé kò sí ẹ̀bùn mọ́. Ó tún borí ní 1872, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fín sára ife fàdákà tuntun tí wọ́n ń lò títí di òní. Ọdún tó tẹ̀lé e ni Open kọ́kọ́ dé St Andrews, lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti tún ṣe.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875, bàbá àti ọmọ lọ sí North Berwick láti bá Willie Park àti Mungo, àbúrò rẹ̀, gbá. Margaret, ìyàwó Young Tom, wà nílé ní St Andrews, oyún rẹ̀ ti pé. Bí eré náà ṣe ń parí lọ ni wáyà dé pé ó ń rọbí, ara rẹ̀ kò sì dá. Omi Forth ló wà láàárín ìlú méjèèjì, ọkọ̀ ojú irin yóò sì yípo gidigidi kí ó tó dé. Ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ojú omi yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n sì gba orí omi lọ. Kí wọ́n tó dé ilé, ìyá àti ọmọ ti kú.

Young Tom kò tún rí bí ó ti rí mọ́. Ó gbá gọ́ọ̀fù kan tó le nínú òtútù àti yìnyín ní ìparí ọdún náà, nítorí pé ó ti ṣèlérí rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1875, wọ́n bá a lórí ibùsùn rẹ̀ pé ó ti kú. Ọmọ ọdún 24 ni. Agnes, ìyá rẹ̀, kú ní ọdún tó tẹ̀lé e. Òfò náà kò tán síbẹ̀. John, ọmọ rẹ̀ tí kò lè rìn láti kékeré tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kú ní 1893. Elizabeth, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kú ní 1898. James, tí ó sọ lórúkọ Fairlie ọ̀gá rẹ̀ ní Prestwick, kú ní 1906. Gbogbo ọmọ tí ó bí ló sin.

Àwọn pápá tí ó pilẹ̀

Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìlú etíkun ń ránṣẹ́ pè é, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn, pọ́n-ùn kan lóòjọ́ ló sì ń gbà. Kì í wú ilẹ̀, kì í sì í kó yẹ̀pẹ̀ láti ibì kan sí òmíràn, nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Ńṣe ni yóò rin ilẹ̀ náà já, yóò wá ibi tó tẹ́jú láàárín òkè yanrìn fún gíríìnì, yóò sì fi igi sàmì sí i. Nítorí ìdí èyí, ọ̀pọ̀ pápá rẹ̀ ni agbágọ́ọ̀fù kì í ti rí ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ, tí yóò gbá a kọjá lórí òkè kí ó tó sáré lọ wò ó.

Ó mú Machrihanish gbòòrò di ihò 18 ní ọdún 1879. Lónìí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yóò gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá lórí etíkun Àtìláńtíìkì. Ó ṣiṣẹ́ ní Dornoch ní àríwá jíjìnnà Skọ́tlándì ní 1886, ó sì pilẹ̀ Royal County Down ní Írẹ́lándì ní 1889, níbi tí àwọn òkè Mourne ti sọ̀kalẹ̀ dé etí òkun. Muirfield ṣí ní 1891, ó sì ṣe Lahinch ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì ní 1894. Èyí tí ìtàn rẹ̀ yani lẹ́nu jù ni Askernish, ní erékùṣù South Uist, tí ó pilẹ̀ ní 1891. Wọ́n pa á tì, yanrìn àti koríko bo ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ẹran ọ̀sìn ń jẹ̀ lórí rẹ̀ bí ti àtijọ́, kí àwọn ènìyàn tó wá a rí tí wọ́n sì tún un ṣí ní 2008.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ó ṣì ń kópa nínú Open ní ọdún 1895, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ìkòkò tábà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun bí òwú, ó sì máa ń wẹ̀ nínú òkun láàárọ̀, ìbáà jẹ́ ìgbà òtútù. Ó fi iṣẹ́ olùtọ́jú pápá sílẹ̀ ní ọdún 1903, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò dá owó rẹ̀ dúró. Wọ́n tún ní kí George Reid ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé ẹgbẹ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1908, ó ṣubú láti orí àtẹ̀gùn ní ilé ẹgbẹ́ New Golf Club ní St Andrews, ó sì fi orí pa. Ó kú ní ọjọ́ 24, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ọmọ ọdún 87. Wọ́n sin ín sí ọgbà àwókù kàtídírà St Andrews, ní ìtòsí òkun, níbi tí wọ́n ti sin Young Tom ní ọdún 32 ṣáájú. Ihò kejìdínlógún Old Course ń jẹ́ Tom Morris títí di òní.